Ajere, Ọkùnrin Tó Ń Sẹ́ Ohùn

Títí di òní, bí ẹ bá dárúkọ Ajere láàárín àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ ohùn, ẹnì kan á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, á wá béèrè pé, "Ṣé ẹ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ pẹ́pẹ́yẹ?" Àwọn tó wà níbẹ̀ pọ̀. Àwọn tó ń sọ pé àwọn wà níbẹ̀ sì pọ̀ ju àga inú gbọ̀ngàn náà lọ.

Ọjọ́ tí wọ́n ṣí gbọ̀ngàn ìlú tuntun ni. Alága ìgbìmọ̀ ìlú ti gun orí pèpéle, ó ti wúkọ́, ó ti tún táì ọrùn rẹ̀ ṣe, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka gbogbo oore tí ìjọba rẹ̀ máa ṣe fún aráàlú. Àwọn èèyàn káwọ́ lẹ́rán, wọ́n ń gbọ́. Lẹ́yìn pátápátá, nídìí tábìlì tí wọ́n to ẹ̀rọ sí, Ajere nìkan ló fajú ro bí ẹni tó gé ọsàn kíkan jẹ. Ó ti gbọ́ ihò kan nínú ohùn alága.

Ihò náà ò tóbi. Ẹlòmíì ò lè gbọ́ ọ. Àmọ́ ihò ni ihò ń jẹ́. Ajere mú máìkì kékeré tó wà níwájú rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná, sà."

Alága dákẹ́. Ó rò pé ará ìlú kan ló fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀, ìdìbò sì ti sún mọ́lé. "Ẹ máa wí, bàbá," ó fi ohùn oyin dá a lóhùn.

"Ẹ bá mi sọ pé: Pẹ́pẹ́yẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ yé ẹyin sínú ṣágo."

"Kí lẹ wí?"

"Pẹ́pẹ́yẹ, sà. Ṣẹ̀ṣẹ̀ yé ẹyin. Sínú ṣágo. Ẹ má sáré sọ ọ́ o."

Alága wo ọ̀tún, ó wo òsì. Akọ̀wé rẹ̀ ń wo ilẹ̀. Olóṣèlú tó bá fẹ́ wọlé kì í bá olùdìbò jiyàn, ló bá sọ ọ́.

"Ẹ tún un sọ. Ẹ fi ikùn sọ pẹ́pẹ́yẹ yẹn, kẹ́ ẹ wá fi eyín sọ ṣágo."

Ó tún un sọ. Ajere ń tẹ bọ́tìnnì, ó ń di ojú kan, ó ń ní, "Ó kù díẹ̀. Ẹ tún un sọ." Nígbà tó yá, àwọn ará iwájú bẹ̀rẹ̀ sí í bá alága gbè é, àwọn ará ẹ̀yìn náà gbà á lẹ́nu wọn, gbogbo gbọ̀ngàn wá ń ké pẹ́pẹ́yẹ àti ẹyin rẹ̀ bí ẹni ń kọ orin orílẹ̀-èdè. Ìgbà yẹn ni ihò náà dí. Ohùn alága wá ń ṣàn bí omi odò. Inú Ajere dùn dé ẹ̀yìn eyín. Ó gbàgbé pé máìkì rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, ó yíjú sí Oníwáyà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń so sípíkà kọ́ láti ìgbà èwe, ó ní: "Ó ti dáa báyìí. Kó máa pa irọ́ rẹ̀ lọ."

Àwọn ará iwájú gbọ́ ọ. Àwọn tó jókòó sí ìlà tó kẹ́yìn náà gbọ́ ọ, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ó mọ́ gaara. Kò tíì sí ẹ̀rọ tí wọ́n tún ṣe dáadáa tó bẹ́ẹ̀ rí.

Alága ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, torí pé kò sí ohun mìíràn tó lè ṣe. Ẹ̀rín yẹn gan-an ló sì gbé e wọlé lẹ́ẹ̀kejì, àwọn èèyàn ní ọkùnrin tó gba àwàdà báyìí kò lè burú jù. Ajere ò dìbò fún un ṣá. Ó ní ohùn rẹ̀ pọ̀ jù nímú.

Ajere kọ́ ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ ìkómọ. Aládùúgbò kan ló fi bú u. Ọkùnrin náà wà nínú yàrá tirẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ Ajere ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ fún ìyàwó rẹ̀, ni Ajere bá dáhùn láti ẹ̀yìn ògiri pé, "Irọ́ lẹ pa, mi ò yáwó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni." Inú bí ọkùnrin náà. Ó ní, "Ṣé èèyàn nìyí? Etí tó lu kára bí ajere!" Ẹni tí wọ́n bú gba èébú, ó fi ṣe oyè. Lọ́jọ́ kejì ó ti kọ ọ́ sára àpótí irinṣẹ́ rẹ̀.

Iṣẹ́ tó sì ń ṣe, iṣẹ́ ńlá ni. Ẹ ti rí àwọn sípíkà gbọọrọ tí wọ́n máa ń so rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pèpéle níbi tí èrò bá pọ̀ sí, àpótí lábẹ́ àpótí, tí gbogbo rẹ̀ á tẹ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀? Nínú àpótí kọ̀ọ̀kan, ẹnu ju ẹyọ kan lọ: ẹnu ńlá wà fún ohùn tó ń kù rìrì, ẹnu kékeré wà fún ohùn tó ń ta ṣáṣá. Ibi tí ẹnu ńlá ti ń fa ọ̀rọ̀ lé ẹnu kékeré lọ́wọ́ ni Ajere ń pè ní oríta. "Oríta ni ìjà wà," bó ṣe máa ń wí nìyẹn. Bí ẹnu méjèèjì bá jọ sọ̀rọ̀ lóríta, ariwo ni. Bí olúkúlùkù bá ń retí ẹnì kejì, ihò ni. Asẹ́ ni Ajere fi ń pààlà sáàárín wọn. Asẹ́ náà kò ṣeé fọwọ́ bà o, inú kọ̀ǹpútà ló ń gbé, nọ́ńbà lásán ni wọ́n fi hun ún. Ohùn tó wúwo á gba ìsàlẹ̀ lọ, èyí tó tinrín á gba òkè, ọ̀rọ̀ á sì dé etí èèyàn ní odindi.

Kò sẹ́ni tí kì í ṣàlàyé rẹ̀ fún. Lọ́jọ́ kan tó ń gẹrun, ó yíjú sí onígbàjámọ̀.

"Ẹ wo ilé yín. Ẹ̀yin ń sọ̀rọ̀ nísàlẹ̀, ọmọ ń ké lókè. Ta ló ń sọ ti àárín?"

"Ìyàwó mi."

"Ó dáa. Bó bá ń sọ̀rọ̀, ṣé ẹ máa ń dákẹ́?"

"Kí ló dé tí màá fi dákẹ́?"

"Ẹ ò rí i? Ìdí tí ilé yín fi ń pariwo nìyẹn. Ẹ ò ní asẹ́."

Onígbàjámọ̀ dúró, ó ronú, ó gbé abẹ sílẹ̀. Ó ní kí wọ́n jọ̀wọ́ òun, òun ń lọ bá ìyàwó òun sọ̀rọ̀. Irun ẹ̀gbẹ́ kan ni Ajere gbé lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà.

Ìyàwó tirẹ̀, olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni, obìnrin tí kì í gbé ohùn sókè torí pé kò nílò rẹ̀. Ojú rẹ̀ rí nǹkan. Ó ti bá àga ńlá pálọ̀ láàárín ọ̀nà tó lọ sí ilé ìdáná, nítorí ibẹ̀ ni Ajere ní rédíò ti dùn jù.

"Àlejò ń bọ̀ o," obìnrin náà wí.

"Kí wọ́n jókòó síbẹ̀. Wọ́n á gbádùn ìròyìn."

"Wọn ò wá gbọ́ ìròyìn. Wọ́n wá kí wa ni."

"Ṣé wọn ò ní béèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni?"

Àwọn àlejò dé, wọ́n jókòó ní títò tẹ̀lé ara wọn bí èrò inú ọkọ̀ ojú irin, wọ́n ń wo ẹ̀yìn orí ara wọn. Gbogbo wọn ló gbà pé rédíò náà dùn.

Àmọ́ ohun tó dáa kì í tó Ajere, èyí tó dáa jù ló ń wá. Ní ọdún kan, ó hun asẹ́ tuntun kan, ó pè é ní Onísùúrù. Ó ní gbogbo asẹ́ yòókù máa ń jẹ́ kí ohùn kan ṣáájú èkejì dé. Onísùúrù ní tirẹ̀ á mú èyí tó yára dúró títí èyí tó wúwo á fi dé bá a, kí wọ́n lè jọ jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀, ìlà tó fi ń yẹ ohùn wò tọ́ bí ọ̀pá. Ó pe Oníwáyà wá wò ó.

"Báwo ni wọ́n ṣe máa dúró de ara wọn pẹ́ tó?" Oníwáyà béèrè.

"Sùúrù kì í pọ̀ jù."

Obìnrin olórin kan tí òkìkí rẹ̀ kàn ló kọ́kọ́ bá Onísùúrù pàdé. Ó lanu, nǹkan kan ò jáde. Ó fẹ́ panu dé, ohùn dé. Àwọn ará iwájú rí i pé ètè rẹ̀ ti wọ ẹsẹ̀ orin kejì, ohùn rẹ̀ ṣì ń ti ẹsẹ̀ kìíní bọ̀.

"Kásẹ́ẹ̀tì ni!" ẹnì kan lọgun. "Kò kọrin, ẹnu lásán ló ń ṣí!"

Inú bí olórin. Kó lè fi han gbogbo ayé pé òun gan-an lòun ń kọrin, ó dákẹ́ lójijì, ó káwọ́ gbera, ó di ètè rẹ̀ pọ̀ gírígírí.

Ohùn rẹ̀ ń bá orin lọ.

Kò pẹ́ tó dákẹ́, ṣùgbọ́n ó pẹ́ tó kí gbogbo èèyàn fi wo ara wọn lójú. Olórin sọ̀kalẹ̀ lórí pèpéle, ó la èrò já, ó dúró síwájú tábìlì. "Ta ló ṣe mí báyìí?"

Ajere ò bẹ̀rù. Ó yí kọ̀ǹpútà sí i. "Màdáámù, ẹ kọ́kọ́ wo ìlà yìí ná. Ṣé ẹ ti rí ohun tó tọ́ báyìí rí láyé yín?"

Olórin wo ìlà náà. Ó wo ojú Ajere, ó rí i pé ọkùnrin náà ò ṣàwàdà. Ìbínú rẹ̀ rọ̀. "Bàbá," ó wí, "ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́ díẹ̀."

Báyìí ló ṣe ń gbé ayé rẹ̀, tó ń bá oríta jà, títí ọjọ́ orí fi dé. Ohùn tó tinrín ló kọ́kọ́ máa ń sá kúrò létí àgbà. Ajere mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó máa ń sọ ọ́ fún gbogbo èèyàn. Ara rẹ̀ nìkan ni kò sọ ọ́ fún. Ṣe ló bẹ̀rẹ̀ sí í bú àwọn tó ń ṣe sípíkà, ó ní ẹnu kékeré tí wọ́n ń ṣe lóde òní kò lágbára mọ́, ló bá ń fi kún ohùn òkè. Ó fi kún un lónìí, ó fi kún un lọ́la. Ohùn wá ń gúnni bí abẹ́rẹ́. Nínú gbọ̀ngàn, àwọn èèyàn ń di àgbọ̀n mú bí ẹni tí eyín ń ro. Ajá tó máa ń sùn sẹ́nu ọ̀nà dìde, ó kó lọ sí òpópónà kejì. Ọkùnrin tó ń ta oògùn ní ọ̀ọ́kán wá ń bi Oníwáyà pé ọjọ́ wo ni Ajere tún máa ṣiṣẹ́, kí òun lè ra òwú etí sílẹ̀.

Ta ló máa sọ fún un? Oníwáyà gbìyànjú.

"Ajere, ṣé kò ta díẹ̀ báyìí?"

"Kí ló ń ta?"

"Lókè."

"Òkè wo?" Ajere gbé ojú sókè, ojú náà le.

"Òkè... òkè ilé ni mò ń wí. Ó jọ pé páànù ń jò."

Ìyàwó rẹ̀ ni kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. Ó jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní, "Ẹ wọ bàtà yín." Ajere ní níbo ni wọ́n ń lọ. Ó ní, "Ẹ wọ bàtà." Ọ̀dọ̀ dókítà etí ni wọ́n lọ.

Dókítà náà, ọ̀dọ́bìnrin tó níwà tútù, fi ẹ̀rọ bo Ajere létí méjèèjì. "Bàbá, ẹ nawọ́ sókè nígbàkígbà tẹ́ ẹ bá gbọ́ ohùn."

Ajere nawọ́ sókè kíá.

"Mi ò tíì bẹ̀rẹ̀, sà."

"Fáànù yín ló ń kùn. Ẹ fi òróró sí i."

Dókítà rẹ́rìn-ín, ó pa fáànù. Ó tẹ èyí, ó tẹ tọ̀hún. Ajere ń nawọ́, ó ń nawọ́. Nígbà tó ṣe, ọwọ́ rẹ̀ ò gbéra mọ́.

"Èyí ńkọ́, bàbá?"

"Èwo?"

"Èyí tó ń dún."

"Kò sóhun tó ń dún."

"Ó ń dún, sà."

"Dókítà, iṣẹ́ mi ni. Bó bá ń dún, èmi ni mo máa kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ẹ̀rọ yín ló ti kú." Ó yọ ọ́ létí, ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó ń wá ibi tí wáyà ti já.

Ìyàwó rẹ̀ jókòó sídìí ilẹ̀kùn, ó ń hun súwẹ́tà, kò gbójú sókè. "Ó ń dún bí ẹ̀fọn," ó wí. "Èmi ń gbọ́ ọ níbí."

Ajere tẹ̀ lé ìyàwó rẹ̀ délé. Kò bá ilẹ̀kùn tó ń han wí bó ṣe máa ń ṣe. Kò tan rédíò. Ó pa kọ̀ǹpútà rẹ̀ dé, ó gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì ní kí ìyàwó òun bá òun sọ fún Oníwáyà pé òun ò lè ṣe ti pápá mọ́.

Ti pápá yìí, gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ló ti ń retí irú rẹ̀. Àwọn ọmọ ilé ìwé láti gbogbo orílẹ̀-èdè ló fẹ́ jọ kọrin ní pápá ìṣeré, èrò bí yanrìn, sípíkà ní ọ̀tún, sípíkà ní òsì, sípíkà lókè lọ́hùn-ún.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò fi lè ṣe é?" ìyàwó rẹ̀ béèrè.

"Ohùn ọmọdé, òkè ni gbogbo rẹ̀." Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Mi ò sí lókè mọ́."

Obìnrin náà ò rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, kò sì bá a kẹ́dùn. Ó fa àga kan, ó jókòó kojú rẹ̀.

"Ọmọ tó bá tú súwíìtì lẹ́yìn mi ní kíláàsì, ṣé mo máa ń gbọ́ ọ àbí mi ò kì í gbọ́ ọ?"

"O máa ń gbọ́ ọ."

"Bó bá jẹ́ pé ó kàn ń rò ó láti tú u ńkọ́?"

Ajere ronú. "Ìyẹn náà, o máa ń gbọ́ ọ."

"Ẹ lọ gbé kọ̀ǹpútà yín."

Àwọn tó ṣiṣẹ́ ní pápá lọ́jọ́ tí wọ́n ń tún ohùn ṣe kò jẹ́ gbàgbé rẹ̀. Ajere wà nídìí ẹ̀rọ, ìyàwó rẹ̀ ń rìn láti àga dé àga, wokitókì lọ́wọ́, súwẹ́tà tí kò tíì hun tán nínú àpò. Gbogbo òṣìṣẹ́ ló sì ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń bá ara wọn sọ.

"Ó ń ta níbí o."

"Fún mi ní nọ́ńbà."

"Mi ò mọ nọ́ńbà. Ó ń ta bí òróró gbígbóná tí omi kán sí."

"Òróró púpọ̀ àbí díẹ̀?"

"Òróró tí wọ́n fi ń dín ẹyin."

Ajere ronú ẹyin, ó tẹ nọ́ńbà kan. "Báyìí ńkọ́?"

"Ó ti dín kù. Ó wá dà bí ẹni ń há ìdí ìkòkò."

"Ìkòkò irin?"

"Irin kẹ̀? Alumíníọ̀mù ni."

Ó tẹ òmíràn. "Báyìí?"

"Báyìí, ó dà bí ọmọ tí imú rẹ̀ dí."

Oníwáyà, tí wọ́n fi bẹ́líìtì so mọ́ òkè níbi tó ti ń tún àpótí dè, ń rẹ́rìn-ín débi pé ó ń mì sọ́tùn-ún sósì. "Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú mi, mo wà lókè o!"

Nígbà tó yá, ìjà bẹ́.

"Abẹ́rẹ́ kan ṣì kù nínú rẹ̀," obìnrin náà wí.

"Mo ti yọ ọ́."

"Ẹ ò yọ ọ́."

"Mo ní mo ti yọ ọ́!"

"Bẹ́ ẹ ṣe sọ pé ẹ ti da ìdọ̀tí nù láàárọ̀ náà nìyẹn."

Àwọn tó ń ká wáyà dúró. Ajere tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà, ó wo ìlà kan, ó wo èkejì. "Mi ò tíì yọ ọ́," ó wí.

Lọ́jọ́ orin, àwọn ọmọ náà to jọ sórí pápá bí ọkà. Ìyàwó Ajere wá jókòó tì í nídìí ẹ̀rọ. Bí ohùn òkè bá fẹ́ pọ̀ jù, á fi ìdí abẹ́rẹ́ súwẹ́tà rẹ̀ gún un ní ìhà, Ajere á rọra fà á wálẹ̀. Àwọn ọmọ kọrin, ohùn wọn lọ káàkiri. Obìnrin kan tó jókòó sókè téńté, níbi tí àwọn ọmọ ti rí bí èèrà, dìde lórí ìjókòó rẹ̀, ó ń ké pé, "Ohùn ọmọ mi nìyẹn! Mo mọ̀ ọ́n!" Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní kó jókòó. Kò jókòó.

Ajere rí i pé àwọn èèyàn ń nu ojú. Ó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó rẹ̀. "Báwo ló ṣe rí lókè?"

"Ó dà bí ìgbà tí ìrì ń kán."

"Sórí kí ni?"

"Sórí ewé tó tutù."

Ajere dijú. "Máa sọ ọ́ lọ," ó wí. Ìyàwó rẹ̀ sì ń sọ ọ́ sí i létí, ẹsẹ̀ kan tẹ̀lé èkejì, títí orin fi parí.

Láti ọjọ́ náà, àwọn méjèèjì ni wọ́n ń jọ lọ síbi iṣẹ́. Ajere ò jẹ́wọ́ fẹ́nikẹ́ni. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ béèrè ohun tó ṣe tí ohùn rẹ̀ fi tún dára ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ó ní òun ra ẹ̀rọ tuntun.

"Irú ẹ̀rọ wo?"

"Irú èyí tó ń bínú."

Gbogbo wọn ló mọ̀. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín níwájú rẹ̀.

Oorun ọ̀sán ló sùn tí kò jí. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe ìrántí rẹ̀, ilé ìwé tí ìyàwó rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ yọ̀ǹda gbọ̀ngàn kékeré kan, níbi tí èèyàn lè sọ̀rọ̀ láìgbé ohùn sókè kí gbogbo ilé sì gbọ́. Àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ohùn ò gbà. Gbogbo wọn pátá ló wá, àtàwọn tó ti bá a jà, wọ́n kó sípíkà tó tó pápá ìṣeré wọ inú gbọ̀ngàn ọmọ ilé ìwé, wọ́n fẹ́ẹ̀ má ráyè fún àga. Àtàárọ̀ ni wọ́n ti ń jiyàn lórí asẹ́. Ẹni tó bá tẹ nọ́ńbà kan á yára pa á rẹ́, á wo ẹ̀yìn rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ká mọ́. Kò sẹ́ni tó láyà láti sọ pé ó ti tó.

Oníwáyà ló yẹ kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó dìde, ó kí gbogbo èèyàn, ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi," ó sì fa máìkì sún mọ́ ẹnu. Ó tún un gbìyànjú, "Ọ̀rẹ́ mi," kò lè lọ síwájú. Ohùn rẹ̀ kékeré yẹn lọ yí ilé ká.

Opó náà dìde níwájú. Ó rìn lẹ́bàá ògiri dé ẹ̀yìn, ó dúró díẹ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ kejì padà, jẹ́jẹ́, ó yí orí díẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ béèrè pé, "Ṣé ó dáa, Màmá?"

"Mò ń gbọ́ wọn níbi gbogbo," ó wí.

Kò sẹ́ni tó bi í bóyá sípíkà ló ń wí tàbí ọkọ rẹ̀. Ó padà síbi àga rẹ̀, ó fi ọwọ́ rọra gbọn ẹ̀gbẹ́ aṣọ rẹ̀, ó jókòó, ó sì mi orí sí Oníwáyà pé kó máa sọ̀rọ̀.